Gíláàsì ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tó ń jò: ẹ wá ojú ihò kí ẹ tó wá gọ́ọ̀mù

Òórùn ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo ṣílẹ̀kùn píkọ́ọ̀pù Tacoma mi láàárọ̀, òórùn aṣọ tútù tí wọ́n ká jọ sínú báàfù fún ọjọ́ mẹ́ta sọ lù mí. Mo fọwọ́ pa kápẹ́ẹ̀tì ìjókòó ẹ̀yìn, ó gbẹ. Mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi sun jáde láàárín ìka mi. Òkè nìkan ló gbẹ. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ ti mumi yó.

Mo gbójú sókè, mo rí ipa omi lára ike tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì ẹ̀yìn. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí: gíláàsì ló ń jò. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá onígíláàsì, ó fa sílíkọ́ọ̀nù yí etí gíláàsì ká, mo sanwó. Òjò tó tẹ̀ lé e rọ̀, omi wọlé. Mo padà lọ. Ó ní àfi ká yọ gíláàsì ká tún un lẹ̀. A yọ ọ́, a tún un lẹ̀, mo san owó tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òjò kẹta rọ̀, omi tún wọlé. Nígbà tó yá, mo gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá rìwáyà kan nítorí pé iná bíréèkì tó wà lókè gíláàsì kò tàn mọ́. Bàbá tú iná náà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n pè mí.

"Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ yìí kì í jò?"

"Ó ń jò, bàbá. Gíláàsì ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Gíláàsì kẹ̀? Wá wo fóòmù yìí."

Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó dí àárín iná náà àti páànù ọkọ̀ ti gan, ó ń bu bí èérún búrẹ́dì. Ihò tí wáyà gbà wọlé ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi ti san owó làpálàpá lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó mú irinṣẹ́ kankan ni pé ibi tí omi ń kán sí kì í sábà jẹ́ ibi tó gbà wọlé. Omi a máa lẹ̀ mọ́ abẹ́ páànù, a máa tẹ̀ lé wáyà, a máa rìn lórí aṣọ àjà ọkọ̀ títí yóò fi dé ibi tó rẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ ni yóò ti já bọ́. Bí ẹ bá páàkì síbi tí imú ọkọ̀ ti kọjú sókè, ẹ̀yìn ni yóò kán sí. Bí imú bá kọjú sísàlẹ̀, ó lè jẹ́ orí awakọ̀ ni yóò kán lé, bẹ́ẹ̀ ihò kan náà ni. Nítorí náà, ìdajì iṣẹ́ yìí ni wíwá. Dídí rẹ̀ lè má gbà ju wákàtí kan lọ.

Irú gíláàsì wo lẹ ní?

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, àtúnṣe wọn ò sì jọra.

Èyí tí rọ́bà gbá mú ni ti àtijọ́. Ẹ lọ wo Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù tó ṣì ń kó ẹ̀gẹ́ àti pákó kiri, ẹ ó rí rọ́bà dúdú tó nípọn tó yí gíláàsì ká. Gọ́ọ̀mù kọ́ ló mú gíláàsì yẹn. Rọ́bà náà ní ojú méjì: gíláàsì ki etí bọ ọ̀kan, páànù ọkọ̀ ki etí bọ èkejì.

Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù urethane lẹ̀ mọ́ páànù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ló jẹ́ báyìí. Etí gíláàsì náà ní àwọ̀ dúdú kan tí wọ́n yan mọ́ ọn. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn jẹ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni gíláàsì tó ṣeé fà sí ẹ̀gbẹ́ láàárín. Ó pọ̀ lára àwọn tọ́kúnbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé. Gọ́ọ̀mù ló mú òun náà mọ́ páànù, ṣùgbọ́n ó tún ní férémù, ojú irin tí gíláàsì ń gbà rìn, àti àwọn ihò kékeré tó ń da omi síta. Ibi tó ti lè jò pọ̀ ju ti àwọn méjì yòókù lọ.

Bí ẹ kò bá mọ èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ ti èékánná bọ etí rẹ̀ láti ìta. Bí rọ́bà rírọ̀ bá gbé sókè tó sì fẹnu bo gíláàsì, ti àkọ́kọ́ ni.

Ẹ tú inú rẹ̀ kí ẹ lè ríran

Ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ ti négétíìfù, kí ẹ sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ló ní àpò atẹ́gùn nínú òpó ẹ̀gbẹ́ àti lábẹ́ àjà. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí SRS tàbí AIRBAG lára ike, ẹ má fi ipá fà á, ẹ má sì tú wáyà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìjókòó ẹ̀yìn tàbí kí ẹ ká a sókè, ẹ yọ ike tó bo ògiri ẹ̀yìn, kí ẹ lè máa rí páànù lásán láti ìsàlẹ̀ gíláàsì títí dé ilẹ̀. Ike yẹn sábà máa ń ní kílíìpù. Ẹ fi ohun pẹlẹbẹ tó jẹ́ ike gbé e díẹ̀díẹ̀, nítorí kílíìpù tọ́kúnbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú oòrùn kì í dúró gbọ́ àlàyé. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tí ẹ bá tú kí ẹ tó tú u. Ẹ kó skúrúù àti nọ́ọ̀tì sínú ike ọbẹ̀, ti ìjókòó lọ́tọ̀, ti bẹ́líìtì lọ́tọ̀.

Ní àkókò yìí, ẹ wo páànù náà dáadáa kí ẹ tó da omi kankan sí i. Omi tó ti ń wọlé tipẹ́ a máa fi ipa sílẹ̀: ìlà eruku, ìlà ìpẹtà, tàbí ojú tó mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹ fojú tẹ̀ lé ìlà yẹn lọ sókè. Nígbà mìíràn ìlà yẹn nìkan ti tó ẹ̀rí.

Wíwá ihò

Ẹni méjì ló ń ṣe é. Ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, èkejì wà níta pẹ̀lú hóòsì. Ẹ páàkì bí ọkọ̀ ṣe máa ń dúró lójoojúmọ́, ní orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà bó bá jẹ́ orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń sùn. Ẹ nu inú páànù kó gbẹ táútáú, kí ẹ wá gbọn páúdà ọmọdé sí i lára fẹ́ẹ́rẹ́. Omi tó bá kọjá lórí páúdà kò lè sẹ́: yóò fa ìlà. Ẹni tí kò ní páúdà lè fi téèpù lẹ tíṣù gbígbẹ mọ́ abẹ́ àjà àti ẹsẹ̀ gíláàsì, kó máa wo èyí tó kọ́kọ́ tutù.

Ẹ má lo ẹ̀rọ àwọn afọkọ̀. Agbára rẹ̀ máa ń ti omi gba ibi tí òjò kò lè gbà láéláé, ẹ ó sì máa dí ibi tí kò ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi hóòsì máa ṣàn pẹ̀lẹ́, bí òjò wẹliwẹli tó ń di ńlá.

Ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á da omi sórí òrùlé, omi á ṣàn kan gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì ní mọ èwo ló jò. Ẹ kọ́kọ́ rọ omi sí páànù ìsàlẹ̀ gíláàsì nìkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí inú bá gbẹ, ẹ bọ́ sí etí ìsàlẹ̀ gíláàsì. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ òsì, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Etí òkè. Iná bíréèkì. Àwọn ojú pọ́nrán tó gùn lórí òrùlé, níbi tí páànù ti so mọ́ra. Ìkẹyìn, erìnnà (áńtẹ́nà rédíò) orí òrùlé bó bá wà. Ẹni tó wà nínú kò gbọ́dọ̀ máa wo ilẹ̀. Òkè ni kó máa wò, nítorí ìkán àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì. Bó bá ti rí i, kó kígbe, kí ẹni ìta dá omi dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ ní sùúrù o. Nígbà tí mo wá ṣe tèmi bó ṣe yẹ, omi kò yọjú níbi iná bíréèkì títí ó fi kù díẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́rin pé. Ká ní mo kánjú ni, mo ti kọjá sórí òrùlé, mo ti lọ dá erìnnà lẹ́bi.

Bí ibi méjì bá sún mọ́ra débi pé ẹ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ fi téèpù gbòòrò bo gbogbo wọn lórí páànù gbígbẹ, kí ẹ máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń rọ omi.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba omi púpọ̀, kí ẹ tó tú bátìrì ni ẹ ó ti ṣe é. Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ tan fáànù ọkọ̀ dé òpin, ẹ jẹ́ kó máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ kó hó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fi kun etí gíláàsì àti iná. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń jáde, ìfófòó yóò máa wú. Ó máa ń mú ihò ńlá, ṣùgbọ́n ihò tó rí bí ojú abẹ́rẹ́ lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi fẹ́ràn omi jù ú lọ.

Iná bíréèkì kẹta: ẹ fura sí i kí ẹ tó fura sí gíláàsì

Àwọn ará Amẹ́ríkà sọ iná bíréèkì òkè di dandan fún mọ́tò kékeré láti àwòṣe 1986, wọ́n sì sọ ọ́ di dandan fún píkọ́ọ̀pù láti àwòṣe 1994. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gé ihò sí páànù tó wà lókè gíláàsì ẹ̀yìn, tí wọ́n sì ń fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣọ́ ọ. Fóòmù yẹn ló ń jẹ oòrùn ọ̀sán gbogbo, òun náà ló ń jẹ ọyẹ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ̀ ọ́, ògiri tiwa sì ti lanu láti ilé iṣẹ́.

Ẹ tú skúrúù tó mú un, méjì ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ fà á síta jẹ́jẹ́, ẹ yí gílóòbù kúrò, ẹ tú ojú wáyà. Ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Fóòmù: ṣé ó ṣì rọ̀, àbí ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò lè wú padà mọ́? Ike tí skúrúù ń wọ̀ sí nínú páànù: ṣé ó ti là? Omi lè gba ojú skúrúù wọlé kó má tilẹ̀ kan fóòmù. Ara iná náà: ṣé ó ti sán? Bó bá ti sán, ẹ ra òmíràn, ẹ má fi gọ́ọ̀mù ṣeré.

Ẹ fi èékánná tàbí ike pẹlẹbẹ họ fóòmù àtijọ́ kúrò pátápátá. Ẹ fi ọṣẹ fọ ojú páànù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá fi aṣọ tí ẹ ta sípírítì sí nù ún. Pẹtiróòlù kọ́ o. Ó máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀, nǹkan kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá.

Ní ti fóòmù tuntun, bí ẹ bá rí ti ọkọ̀ náà gan-an ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹ rà á. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ gé e fúnra yín. Ẹ ṣọ́ra fún irú fóòmù tí ẹ ó lò: ti bẹ́ẹ̀dì ń mumi bí kàn-ìn-kàn-ìn, bí ẹ bá lò ó, ẹ ti ra odò síbẹ̀ nìyẹn. Èyí tó dára ni EVA, fóòmù pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì. Omi kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ gbé iná lé e lórí, ẹ fi bírò yí i ká, ẹ gé e, ẹ dá ojú wáyà àti ojú skúrúù lu sí i. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi kan yíká. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, oríkèé rẹ̀ ni yóò tún jò. Téèpù butyl, èyí tó rí bí ṣingọ́ọ̀mù dúdú, tún dára jù ú lọ bí ọwọ́ yín bá tó o. Ẹ yí díẹ̀ mọ́ ọrùn skúrúù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ń de skúrúù padà, ẹ de é ní ìdajì ní òsì, ìdajì ní ọ̀tún, kí ẹ tún padà sí òsì, títí fóòmù yóò fi fún mọ́lẹ̀ déédéé. Kó má le jù. Ike ni, yóò sán, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dán iná wò nígbà tí ẹ bá so bátìrì padà.

Gíláàsì tó ń fà sí ẹ̀gbẹ́

Níhìn-ín, ìdọ̀tí ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Wọ́n ṣe ojú irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi máa bọ́ sínú rẹ̀ ni, kó sì máa gba ihò kékeré jáde síta. Bí eruku ọyẹ́ àti ìràwé igi máńgòrò bá dí ihò yẹn, omi á kún ojú irin bí àgbàrá tí gọ́tà rẹ̀ ti dí, á ré kọjá sínú ọkọ̀. Onígíláàsì tó bá rí i á fi sílíkọ́ọ̀nù dí ihò náà pa, torí ó rò pé ibẹ̀ ló ń jò. Ó ti ba ohun tó yẹ kó gbà á là jẹ́ nìyẹn.

Ẹ ṣí gíláàsì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbá ojú irin náà, ẹ fi okùn ìpẹja tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ kò mú ti ihò rẹ̀ já. Lẹ́yìn náà ẹ da ife omi kan sínú ojú irin, kí ẹ lọ wo ìta: omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn jáde lójú ẹsẹ̀. Bó bá dúró, ihò kan ṣì dí.

Bí ihò bá là tí omi ṣì ń wọlé, ẹ wo rọ́bà onírun tó wà níbi tí gíláàsì méjì ti pàdé, bóyá ó ti jẹ. Ẹ wo ìkọ́ tó ń tì í pa: bó bá ti ń mì, kò ní fa gíláàsì mọ́ rọ́bà dáadáa. Èyí tó kù ni igun férémù. Ojú ibẹ̀ máa ń ya díẹ̀ débi pé ẹ kò ní fojú rí i. Sílíkọ́ọ̀nù olómi tí wọ́n ń ṣe fún gíláàsì ọkọ̀ ló ń tọ́jú irú rẹ̀, èyí tó ń ṣàn wọ inú ojú tó là fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ dáadáa, ẹ kán an sí i, ẹ dúró, ẹ tún kán an, kí ẹ má rọ omi sí i títí di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ sílíkọ́ọ̀nù yìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó yé wa. Èyí tó ń rùn bí fínígà, tí àwọn oníṣẹ́ alumíníọ̀mù fi ń lẹ fèrèsé ilé, kò yẹ fún páànù ọkọ̀. Ásíìdì tó ń jáde lára rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ a máa jẹ irin. Èyí tó burú jù ni pé níbi tí sílíkọ́ọ̀nù bá ti kàn, gọ́ọ̀mù gidi kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ mọ́, ọ̀dà kì í mú níbẹ̀. Nígbà tí a yọ gíláàsì tèmi, ohun tó gba àkókò jù ni fífi bíléèdì fá sílíkọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ kúrò.

Bó bá jẹ́ ti rọ́bà

Bí rọ́bà bá ṣì rọ̀, ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, ẹ fọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù tí kì í gan sí àárín rọ́bà àti páànù yíká, ẹ nu èyí tó bá yọ. Bó bá ti gan tó sì ti là ní igun, kò sí àwáwí, tuntun ni ẹ ó rà.

Láti yọ ọ́, ẹ gé ètè rọ́bà àtijọ́ dànù láti ìta, kí ẹnì kan máa fi ẹsẹ̀ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ tàbí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í láti inú, kí èkejì gbà á. Ẹ rántí pé gíláàsì ẹ̀yìn kì í dà bí ti iwájú. Ti iwájú ní ike tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, á sán kó má fọ́ dànù. Ti ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le, bí nǹkan líle bá fi lè kan etí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di wẹ́wẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ṣe dandan.

Ẹ fi rọ́bà tuntun wọ gíláàsì yíká lórí tábìlì tí ẹ tẹ́ aṣọ sí. Ẹ wá ki okùn ọ̀rá tó nípọn tó bíi mìlímítà 5 bọ ojú kòtò kejì yíká, kí orí okùn méjèèjì pàdé ní àárín ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kọjá ara wọn. Ẹ fi omi ọṣẹ pa á. Ẹnì kan gbé gíláàsì sójú rẹ̀ láti ìta, ó ń fi ọwọ́ gbá a mọ́ ọn. Ẹni tó wà nínú ń fa okùn náà jáde díẹ̀díẹ̀. Bí okùn ṣe ń jáde ni ètè rọ́bà ń fò kọjá etí páànù. Nígbà tí ó bá dé igun, ẹ má fà á tagbáratagbára, ẹ jẹ́ kí ẹni ìta gbá a mọ́ ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ó dùn ún wò bó bá bọ́ sí i.

Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù urethane

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa ṣe iṣẹ́ yìí láyé yín, ẹ gbé e fún ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ń wò.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó le ni wọ́n fi ń gé gọ́ọ̀mù àtijọ́, ẹnì kan nínú, ẹnì kan níta, bí ẹni ń fi ayùn gégi. Bí gíláàsì bá ní wáyà tó ń gbóná, ìlà pupa pupa tó wà ní ojú inú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí bíléèdì tó kan ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo gọ́ọ̀mù àtijọ́ ni wọ́n ń họ kúrò lára páànù: bó bá mú irin dáadáa, wọ́n á gé e títí yóò fi ku bíi mìlímítà 1 sí 2, nítorí kò sí ohun tí urethane tuntun ń lẹ̀ mọ́ tó urethane tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ìka kàn án lẹ́yìn náà.

Bí ìpẹtà bá wà lójú páànù, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró. Gọ́ọ̀mù á lẹ̀ mọ́ ìpẹtà, ìpẹtà á ṣí kúrò lára irin, òjò á wọlé. Ẹ fi sáńpépà họ ọ́ dé irin funfun, ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i, ẹ fi ọ̀dà sí i lórí, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán. Bí irin bá ti lu, ẹ pe apánẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó pe onígíláàsì.

Ẹ gba ike gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tó kọ sí i lára. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kì í mú. Ẹ wo bóyá ó fi omi ìpìlẹ̀ dúdú sí etí gíláàsì. Ẹ wo bó ṣe ń fa gọ́ọ̀mù: ó gbọ́dọ̀ ga bíi mìlímítà 12, kó mú lórí bí orí òrùlé, kó má já rárá, kí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí má sì bọ́ sí igun. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni gíláàsì gbọ́dọ̀ ti jókòó, kí ojú gọ́ọ̀mù tó gan.

Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mú urethane le. Nítorí náà, ó máa ń yára ní oṣù kẹfà ju ìgbà ọyẹ́ lọ, èyí tó ya àwọn kan lẹ́nu. Ẹ dúró fún wákàtí tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ kí ẹ tó wà á. Ẹ fi fèrèsé kan sílẹ̀ díẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, nítorí bí ẹ bá pa ilẹ̀kùn gbàà nínú ọkọ̀ tó dé pa, afẹ́fẹ́ á ti gíláàsì síta kí gọ́ọ̀mù tó mú un.

Àwọn ibi mìíràn

Bí gíláàsì àti iná bá yege, ẹ yẹ ojú pọ́nrán gígùn orí òrùlé wò. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí oríkèé páànù níbẹ̀ máa ń là. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ erìnnà wò. Ẹ má sì gbàgbé ihò afẹ́fẹ́ tó wà lára ògiri ẹ̀yìn, tó kọjú sí ibi ìkẹ́rù: ó ní ètè rọ́bà tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde nígbà tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn. Bí rọ́bà etí rẹ̀ bá ti gbẹ, ilẹ̀ ọkọ̀ á tutù láìsí ìkán kan lókè.

Gbígbẹ rẹ̀

Kápẹ́ẹ̀tì kò ní gbẹ nínú ọkọ̀, ẹ má tan ara yín. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ lè di omi mú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, irin ilẹ̀ á sì máa jẹ ní kọ̀rọ̀. Ẹ gbé e jáde, ẹ fún fóòmù náà, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ bó bá ti hu funfun, ẹ sá a sóòrùn. Bó bá jẹ́ àárín òjò, ẹ gbé e kọ́ sábẹ́ fáànù. Ilẹ̀ ọkọ̀ sábà ní ìdérí rọ́bà kéékèèké. Ẹ lè yọ ọ́ kí omi jáde, kí ẹ rántí dá a padà. Ẹ wo ojú wáyà àti kọ̀ǹpútà kéékèèké tó lè wà lábẹ́ ìjókòó. Bí ojú wáyà bá ti di àwọ̀ ewé, iṣẹ́ rìwáyà nìyẹn kí ẹ tó so bátìrì padà.

Ẹ tún rọ omi sí i bíi ti àkọ́kọ́, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lú páúdà tuntun. Bí inú bá gbẹ, ẹ de ìjókòó àti bẹ́líìtì padà kó le dan-in, ṣùgbọ́n ẹ fi kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nílé. Ilẹ̀ irin lásán ni mo fi wa tèmi títí òjò ńlá méjì fi rọ̀; àwọn ọmọ ń bi mí pé ta ló jí kápẹ́ẹ̀tì wa.